Họ́ọ̀dù àti Fíltà Lẹ́nu Lẹ́ǹsì Kan Ṣoṣo

Oríṣi ìmọ́lẹ̀ méjì ló máa ń wọ inú lẹ́ǹsì kámẹ́rà: èyí tó ti ara ohun tí ayafọ́tò fẹ́ yà wá, àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ yọjú, tí kò ní ohun kan tí yóò ṣe fún àwòrán ju pé kí ó bà á jẹ́ lọ. Ìmọ́lẹ̀ kejì yìí kì í sábà hàn nínú àwòrán gẹ́gẹ́ bí oòrùn tàbí gílóòbù. Ohun tí ojú máa ń rí ni pé dúdú kò dúdú mọ́, pé àwọ̀ aṣọ ti ṣá, pé nǹkan kan tó funfun tó sì fẹ́lẹ́ bo gbogbo àwòrán, tàbí pé àwọn àmì róbótó-róbótó tò láti igun kan lọ sí èkejì. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá họ́ọ̀dù sílẹ̀, ìyẹn ike tàbí irin tó yọ síwájú ní ẹnu lẹ́ǹsì, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì jọ iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn gbé sókè níwájú orí láti fi ṣíji bo ojú nígbà tí oòrùn bá ń ràn. Fíltà ní tirẹ̀ jẹ́ dígí pẹlẹbẹ inú òrùka irin, tí a ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì láti ṣẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ kan kù, láti dín gbogbo ìmọ́lẹ̀ kù, tàbí láti dáàbò bo dígí iwájú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò gbà pé ẹni tó bá ti ra fíltà olówó iyebíye kò nílò họ́ọ̀dù mọ́, débi pé ní òde ìnáwó, họ́ọ̀dù tí a yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn sára lẹ́ǹsì, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì, ló pọ̀ ju èyí tó wà ní ààyè rẹ̀ lọ. Òdìkejì èrò yẹn gan-an ni òótọ́: bí fíltà bá ti dé ẹnu lẹ́ǹsì, ìgbà náà ni lẹ́ǹsì nílò họ́ọ̀dù jù.

Ìdí ọ̀rọ̀ yìí wà ní ojú dígí. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kúrò nínú afẹ́fẹ́ wọ inú dígí, tàbí tó ti inú dígí bọ́ sí afẹ́fẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í kọjá, ńṣe ni ó ń ta padà. Dígí lásán ń ta nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan, lẹ́ǹsì òde òní sì lè ní dígí mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú. Bí kò bá sí àtúnṣe kankan, ìmọ́lẹ̀ tí yóò máa ta síwá-sẹ́yìn láàárín wọn kò ní jẹ́ kí àwòrán ní láárí. Harold Dennis Taylor, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe lẹ́ǹsì, ló ṣàkíyèsí ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ tí ojú wọn ti pàwọ̀ dà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá ju àwọn tuntun lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbàjẹ́ ni gbogbo ènìyàn ti ka ìpàwọ̀dà náà sí. Ní ọdún 1935, Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Zeiss ní ìlú Jena ní Jámánì, rí ọ̀nà láti fi nǹkan tín-ín-rín kan kun ojú dígí kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Nígbà tó sì di ọdún 1971, ilé iṣẹ́ Asahi ní Japan, tó ń ṣe kámẹ́rà Pentax, ti ń ta lẹ́ǹsì tí wọ́n kun ojú rẹ̀ ní ìpele púpọ̀ léra. Ojú dígí tí wọ́n kùn dáadáa lónìí lè má ta ju ìdajì ìdá 1 nínú 100 padà.

Fíltà wá fi ojú dígí méjì kún èyí tí ẹni tó ṣe lẹ́ǹsì ti ṣírò. Bí fíltà náà bá jẹ́ gbàǹjo tí wọn kò kun ojú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni yóò kọ̀ láti kọjá, ṣùgbọ́n àdánù yẹn kọ́ ni ìṣòro, nítorí kámẹ́rà lè bá a dọ́gba láìsí wàhálà. Ìṣòro ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà náà ń lọ. Dígí iwájú lẹ́ǹsì máa ń tẹ̀ kọdọrọ, nítorí náà ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lójú rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n fíltà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì dojú kọ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, ní ọ̀gangan. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kúrò lára sẹ́ńsọ̀ bọ̀ wá síwájú yóò kan ẹ̀yìn fíltà, yóò sì padà wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ wá pẹ̀lú yóò kọ́kọ́ dé ara fíltà kí ó tó dé ibòmíràn, nítorí pé fíltà ti gba ipò iwájú.

Ipò iwájú yìí ni ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Ẹni tó ṣe họ́ọ̀dù fi bí dígí iwájú lẹ́ǹsì ṣe jìn tó wọnú ẹnu rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n fíltà máa ń gbé dígí tí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé wá síwájú ní nǹkan bí mìlímítà 5 tàbí 6. Bí ẹnu lẹ́ǹsì bá fẹ̀ tó mìlímítà 60, tí họ́ọ̀dù rẹ̀ náà sì gùn tó mìlímítà 60, ìmọ́lẹ̀ tó bá yà kúrò ní ọ̀gangan iwájú lẹ́ǹsì ju digírì 45 lọ kò ní lè fọwọ́ kan dígí. Bí fíltà bá gba mìlímítà 6 nínú gígùn yẹn, ààlà náà yóò sún sí nǹkan bí digírì 48. Ìyàtọ̀ kékeré ni. Lára lẹ́ǹsì afẹ̀ojú, ìyẹn èyí tó ń kó ibi gbalasa sínú àwòrán, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí họ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbọdọ̀ gùn kí ó má baà wọ inú àwòrán: họ́ọ̀dù tó gùn ní mìlímítà 20 péré níwájú ẹnu tó fẹ̀ ní 60 ń dáàbò bo gbogbo dígí láti nǹkan bí digírì 72 sókè, ṣùgbọ́n tí fíltà bá wà níbẹ̀, ààbò náà kò ní pé títí di digírì 77.

Ìṣirò yìí ní ìtumọ̀ pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ipò tí oòrùn ń gbà níbẹ̀. Ní Èkó, oòrùn ọ̀sán gangan kì í rẹlẹ̀ ju nǹkan bí digírì 60 sí ilẹ̀ lọ ní gbogbo ọdún. Ó sì ń bọ́ sí àtàrí gan-an ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹrin àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án. Ayafọ́tò tó bá dojú kámẹ́rà kọ gúúsù lọ́sàn-án oṣù Kejìlá, tí kò gbé e sókè tí kò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ní oòrùn lókè iwájú rẹ̀ ní digírì 60: oòrùn náà kò sí nínú àwòrán rárá, síbẹ̀ ó ń ràn sójú fíltà tààrà, họ́ọ̀dù kúkúrú kò sì lè dí i tán. Lẹ́ǹsì gígùn tí a fi ń fa ojú ènìyàn mọ́ra kò ní ìṣòro yìí, nítorí họ́ọ̀dù rẹ̀ jìn, oòrùn àtàrí kò sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí họ́ọ̀dù fi jẹ́ ohun ìjà tó lágbára ní ilẹ̀ olóoru ju bó ṣe rí ní London lọ, níbi tí oòrùn ọ̀sán oṣù Kejìlá kò ga ju nǹkan bí digírì 15 lọ. Bí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀ bá dojú kọ gúúsù pẹ̀lú lẹ́ǹsì afẹ̀ojú, inú àwòrán gan-an ni oòrùn yóò wà, kò sì sí họ́ọ̀dù tó lè dí ohun tó ti wọ àwòrán. Fíltà tí wọ́n kun ojú rẹ̀ dáadáa, tàbí kí a má tilẹ̀ fi fíltà kankan sí i, ló lè ranni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rùn àti ọyẹ́ tún mú ọ̀rọ̀ eruku wọlé. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà kì í yan ibi tí yóò bà lé, ara fíltà sì ni yóò kọ́kọ́ dé. Èyí ni ibi tí fíltà ìdáàbòbò ti jẹ orúkọ rẹ̀, nítorí ó sàn kí ènìyàn máa nu dígí tó ṣeé pààrọ̀ lójoojúmọ́ ju kí ó máa fi aṣọ ra dígí lẹ́ǹsì lọ. Bákan náà ni ó rí létí òkun, níbi tí omi iyọ̀ ti ń fọ́n. Ṣùgbọ́n ègé eruku kọ̀ọ̀kan tó bà lé fíltà máa ń tàn bí oòrùn bá bà á, gbogbo wọn á sì para pọ̀ da nǹkan funfun bo àwòrán, bẹ́ẹ̀ ni eruku kan náà kì í hàn rárá bí ó bá wà lábẹ́ òjìji. Họ́ọ̀dù ló ń fún un ní òjìji yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi fíltà sí lẹ́ǹsì nítorí ọyẹ́, tó wá yọ họ́ọ̀dù, ti sọ ohun tó fi ṣe ààbò di ohun tó ń ba àwòrán jẹ́.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa fíltà tí wọ́n ń pè ní UV, nítorí òun ni àwọn tó ń ta kámẹ́rà máa ń fi lé oníbàárà lọ́wọ́ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí irú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan tí ojú ènìyàn kò lè rí ṣùgbọ́n tí fíìmù àtijọ́ ń rí, èyí tó máa ń sọ ibi tó jìnnà di àwọ̀ aró fífẹ́lẹ́ nínú fọ́tò. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà òde òní ti ní dígí tirẹ̀ níwájú tó ń dí ìmọ́lẹ̀ yẹn, nítorí náà UV lára rẹ̀ kò ju dígí ìdáàbòbò lásán lọ. Kò sì lè la ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́, nítorí èérún eruku ni ọyẹ́ fi ń bo ojú ọ̀run, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí UV ń dí. Ní ti ìkọlù àti ìṣubú, họ́ọ̀dù ń gba ìyà ju fíltà lọ: ike rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ tàbí kí ó já kúrò ní ààyè rẹ̀, nígbà tí fíltà lè fọ́ kí àfọ́kù rẹ̀ sì ha ojú lẹ́ǹsì, tàbí kí òrùka rẹ̀ wọ́ kí ó má ṣeé tú mọ́.

Fíltà tó yẹ kí a gbé lé ọwọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni póláráísà. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gbọ̀n bí ó ṣe ń rìn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lásán sì ń gbọ̀n sí gbogbo ìhà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta lójú omi, ewé tútù tàbí dígí, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò máa gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo. Étienne-Louis Malus ló ṣàkíyèsí èyí ní Paris ní ọdún 1808, nígbà tó ń wo oòrùn tó ń dán lójú fèrèsé ààfin Luxembourg láti inú òkúta kan tó mọ́ gaara. Póláráísà jẹ́ dígí tó ń jẹ́ kí ìgbọ̀n ìhà kan kọjá tó sì ń dí ìyókù, ìdí sì nìyí tí òrùka rẹ̀ fi ń yí: ayafọ́tò yóò máa yí i títí dídán tí kò fẹ́ yóò fi lọ. Lójú omi, agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù nígbà tí ojú kámẹ́rà bá tẹ̀ sí omi ní nǹkan bí digírì 37. Ẹni tó bá dúró létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó sì rí igun yẹn yóò rí i tí dídán ojú omi náà lọ, ewé igbó tó yí i ká yóò sì padà ní àwọ̀ ewé gidi, nítorí pé funfun ojú ọ̀run tó ń dán lára wọn ti kúrò.

Níbi ìgbéyàwó, iṣẹ́ póláráísà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń béèrè fún làákàyè. Ó lè mú òógùn tó ń dán níwájú orí ọkọ ìyàwó kúrò, ó lè jẹ́ kí pupa iyùn ọrùn ìyàwó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkan kan sí dídán wúrà, fàdákà tàbí idẹ, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ta lára irin kò gba irú ìgbọ̀n ìhà kan ṣoṣo yẹn. Ayafọ́tò tó bá yí i dé òpin yóò rí ẹ̀gbà wúrà tó ń kọ mànà lára awọ tó ti kú fọ́nfọ́n, nítorí awọ dúdú nílò dídán díẹ̀ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú tó lè yọ. Ìdajì ìyí, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó ìdajì, ló máa ń dára jù fún ojú ènìyàn. Póláráísà kì í sì ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ó ń gba ìdajì ìmọ́lẹ̀, nígbà mìíràn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èyí tó pọ̀ lábẹ́ kánópì tàbí nínú igbó.

Níbi yíyí yìí ni ìjà họ́ọ̀dù àti fíltà ti le jù. Ọ̀nà méjì ni họ́ọ̀dù fi ń dúró lẹ́nu lẹ́ǹsì. Àkọ́kọ́ ń kọ́ mọ́ ìta ara lẹ́ǹsì, nípa pé kí a tì í wọlé kí a sì yí i díẹ̀ títí yóò fi dún wọlé sí ààyè rẹ̀. Fíltà á wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ní nǹkan ṣe pọ̀. Èkejì ń wọ tíréèdì iwájú fíltà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ póláráísà ni, họ́ọ̀dù onítíréèdì á máa bá òrùka náà yí. Bí ó bá rí róbótó kò sí ewu, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó gùn lókè àti nísàlẹ̀ tó sì kúrú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí pé àwòrán ní igun, apá gígùn rẹ̀ yóò yí bọ́ sí igun àwòrán, yóò sì fi dúdú síbẹ̀. Irú àkọ́kọ́ ló dára jù, ṣùgbọ́n ìka kì í sábà dé ibi òrùka nínú họ́ọ̀dù tó jìn. Pentax ti pẹ́ tí wọ́n ń ṣe họ́ọ̀dù tí abala kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé yọ kí ìka lè gba ibẹ̀ dé ara fíltà, Canon náà sì fi fèrèsé kan sí ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀dù lẹ́ǹsì 100-400mm wọn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí họ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀ yóò yọ họ́ọ̀dù, yóò yí fíltà títí yóò fi rí ohun tó fẹ́, yóò sì dá họ́ọ̀dù padà. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n àwòrán tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀. Bí kámẹ́rà bá kúrò ní ìbú sí òòró, gbogbo yíyí náà di dandan lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ojú ọ̀run náà ní òfin tirẹ̀. Póláráísà ń mú un dúdú jù ní ibi tó fi digírì 90 jìnnà sí oòrùn. Láàárọ̀, tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ibẹ̀ ni ìlà tó gba àríwá kọjá lókè orí lọ sí gúúsù, nítorí náà lẹ́ǹsì afẹ̀ojú tó bá kọjú sí àríwá yóò ní ojú ọ̀run tó dúdú láàárín tó sì funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá wà ní àtàrí, ìlà náà sọ̀kalẹ̀ yí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ká, ó sì dọ́gba níbi gbogbo. Ẹni tó fẹ́ fi Òkè Olúmọ sábẹ́ ojú ọ̀run aró tó dọ́gba lè rí i lọ́sàn-án, ní wákàtí tí ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ń sá fún, bí họ́ọ̀dù bá ti bá a mú oòrùn àtàrí kúrò lójú fíltà.

Ní ti àwọn tó ń ya fídíò, fíltà ND ni wọ́n mọ̀ jù, ìyẹn dígí eérú tó ń dín gbogbo ìmọ́lẹ̀ kù láìyí àwọ̀ padà. Lábẹ́ oòrùn gangan, bí ìyárí kámẹ́rà bá wà ní ISO 100, ihò lẹ́ǹsì ní f/16 àti ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí 100 ló máa ń bá ìmọ́lẹ̀ mu. Ẹni tó ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fẹ́ 1/50 kí ìrìn ènìyàn lè rọ̀ lójú. Bí ó bá tún fẹ́ ṣí ihò dé f/2.8 kí ohun tó wà lẹ́yìn má baà hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù ní ìlọ́po 64, fíltà tó ń jẹ́ kí ìdá 1 nínú 64 kọjá ló sì nílò. ND tó ń yí, tó jẹ́ póláráísà méjì léra, rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n lára lẹ́ǹsì afẹ̀ojú ó máa ń kọ àgbélébùú dúdú sójú àwòrán bí a bá yí i jù, òrùka iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ̀ débi pé họ́ọ̀dù kò lè gba orí wọn kọjá. Àwọn tó ń ya sinimá ti yanjú èyí tipẹ́ pẹ̀lú àpótí ìbòòji, tó gbé fíltà onígun mẹ́rin, tó sábà jẹ́ ínṣì 4 lọ́nà 5.65, sínú ohun kan náà tó ń ṣíji bò ó, tó sì ní abala pẹlẹbẹ lókè tó ṣeé gbé sókè sílẹ̀ bí oòrùn bá ṣe ń rìn. Nínú òmíràn, fíltà lè tẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára rẹ̀ má lè wọ inú àwòrán.

Títo fíltà léra kò dára, àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn: ojú dígí mẹ́rin ni, òrùka wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ igun àwòrán. Òrùka agbédègbẹ́yọ̀ tó ń jẹ́ kí fíltà mìlímítà 77 wọ lẹ́ǹsì 58 ń dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n họ́ọ̀dù tó bá lẹ́ǹsì náà wá kò ní lè wọlé mọ́. Ó yẹ kí owó tí a kó jọ níbẹ̀ ra họ́ọ̀dù onítíréèdì mìlímítà 77 tó fẹ̀ lẹ́nu. Nikon ṣe ohun tó dára nípa ìṣòro yìí ní ọdún 2020: lẹ́ǹsì Z 14-24mm wọn bá họ́ọ̀dù méjì wá, tíréèdì mìlímítà 112 sì wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn, débi pé họ́ọ̀dù ló gbé fíltà.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí òde àríyá bá bọ́ sábẹ́ gílóòbù, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Gílóòbù tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, lóde àwòrán, ṣì jẹ́ iṣẹ́ họ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nínú àwòrán kì í ṣe tirẹ̀. Gílóòbù inú àwòrán ló ń bí àwòjìji tó dájú pé fíltà ló fà á: ìmọ́lẹ̀ kékeré tó dorí kodò, tó wà ní ìdojúkọ gílóòbù náà gẹ́lẹ́ ní òdìkejì àárín àwòrán, tó sì ń sá lọ sí ọ̀tún bí kámẹ́rà bá mú gílóòbù lọ sí òsì. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè na ìwé pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu họ́ọ̀dù. Bí àbùkù bá kúrò, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni, họ́ọ̀dù ni kò gùn tó. Bí kò bá kúrò, kí ó tú fíltà kí ó sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwòjìji tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ti lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún tàbí sí òsì ló sì sábà máa ń gbé e kúrò lójú ìyàwó.